Kúbúsù Tó Kọjá Lórí Òkè

Ìró òkúta tó balẹ̀ sórí òkúta ni. Kọ́ọ̀! Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ti gorí ìró yẹn, Tlali ti di arúgbó sí ìlú Kitwe ní Zambia, níbi tí kò sí òkè, tí kò sí yìnyín, àmọ́ bí máńgòrò bá já lu páànù ilé rẹ̀ lọ́sàn-án, ọkàn rẹ̀ á ní, "Khahliso dé."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ ní Lekhalong, ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè méjì kọjá, ó di ojú kan, ó fi èkejì lé ẹ̀yìn kámẹ́rà. Òkìtì òkúta kan wà níbẹ̀ tó ga tó ènìyàn. Kò sí ará òkè Lesotho tí yóò gba ibẹ̀ kọjá tí kò ní ṣa òkúta kan, kó tutọ́ sí i, kó jù ú sórí òkìtì náà, kí ọ̀nà lè dára fún un, kó sì lè bá oúnjẹ níbi tó ń lọ. Ó tó wákàtí kan tí Tlali ti ń to àwòrán náà: òkìtì nísàlẹ̀ lápá òsì, ọ̀nà tó ṣẹ́ kọ́rọ́ gun òkè lápá ọ̀tún, àwọn òkè Maloti tó tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn, èyí tó sún mọ́ dúdú, èyí tó jìnnà ń pòórá lọ bí èéfín. Ìkùukùu kan ló ń dúró dè kó kúrò lójú oòrùn. Ìkùukùu kúrò. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.

Kọ́ọ̀!

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni." Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi kúbúsù aláró bora bí ìṣe àwọn ará òkè, ẹrù igi ìdáná lórí, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di igi mú. "Ìwọ ńkọ́, tó ń kúnlẹ̀ fún òkúta?"

"Mi ò kúnlẹ̀ fún òkúta. Fọ́tò ni mò ń yà, o sì ti bà á jẹ́."

"Òkúta kan ṣoṣo ló lé, Abuti," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́hùn-ún. "Kí ló bàjẹ́?"

"Ibi tó bọ́ sí ni. Mo ti to gbogbo ẹ̀ tán."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí igi fi ń mì lórí rẹ̀. "Òkúta tí àwọn baba ńlá wa ti ń jù látọjọ́ tí ọ̀nà ti wà, ìwọ lo wá tò ó tán lónìí?"

Ohun tó bọ́ sí Tlali lẹ́nu ló sọ: "Ọwọ́ òsì lo fi jù ú."

"Òun ló gbọ́n. Ọ̀tún kò ju kó di igi mú lọ." Ó wo iwájú kámẹ́rà, ó wo òkè. "Ènìyàn dà nínú fọ́tò ẹ?"

"Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀!" Ó ń lọ, ó ń sọ ọ́ sẹ́yìn. "Ẹ wo ọkùnrin tó gun òkè wá láti wá ya ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́."

Nígbà tí Tlali fọ fíìmù náà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, Ntate Phafoli, ìyẹn Bàbá Phafoli, ní Leribe, ó rí i pé òkúta tí ọmọbìnrin yẹn jù ló mú àwòrán náà pé. Láìsí i, òkìtì ọ̀hún ì bá rí bí orí tí kò ní fìlà.

* * *

Khahliso ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ntate Monaheng ti Ha Lekena, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní oṣù kejì láti ya fọ́tò káàdì ìjọ. Ó bá fọ́tò òkìtì náà lára ògiri, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Kí ló dé tó rí wínníwínní báyìí? Àfi bí ẹni gbọn ìyẹ̀fun ọkà sí i."

"Hóró fíìmù ni," ni Tlali wí. "Fíìmù kì í ṣe omi, iyanrìn ni. Hóró dúdú kéékèèké ló kóra jọ tó di òkè lójú wa. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, tí a wá fọ̀ ọ́ pẹ́ nínú oògùn, hóró á yọ síta. Bí o bá sún mọ́ ọn jù, o ò ní rí òkè mọ́. Hóró nìkan lo máa rí."

Khahliso fi ẹ̀yìn rìn, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ méjì. "Òótọ́ ni o. Òkè ti padà dé." Ó yíjú sí i. "Ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà má sún mọ́ mi jù o, kí o má baà rí hóró."

"Mo ti ka gbogbo hóró ẹ tán," ni Tlali dáhùn.

Láti inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, Ntate Phafoli wúkọ́. "Tlali! Ṣé káàdì ìjọ lò ń yà ni, àbí o ti ń so yìgì?"

Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀. Bí Tlali bá ní iṣẹ́ tàbí kò ní, ó ń gun òkè. Wọ́n á jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, á máa fi ìka méjì méjì ṣe férémù han Khahliso, á ní, "Má fi ohun tó wuyì sí àárín gbùngbùn. Fi í sí ẹ̀gbẹ́, kí ojú lè rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀." Khahliso á ní, "Ìyẹn ni o ṣe máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi," wọn á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún yípo, Tlali lọ sílé ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ inú agbo màlúù, ó tú àwọn ọmọ màlúù sílẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n mu ọmú ìyá wọn gbẹ. Ìyá rẹ̀ gbé korobá dé, kò rí ẹ̀kán wàrà kan. Obìnrin náà wo ọmú màlúù, ó wo ọmọ rẹ̀ tó wọ bàtà ìgboro láàárín ìgbẹ́ màlúù, ló bá gbé korobá kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Àwọn darandaran ọmọ ogún ọdún ló ń ṣe èyí. Ìwọ tó ń gbé ìgboro, ṣé o ò lẹ́nu tí o fi máa sọ pé o fẹ́ ìyàwó ni?"

"Bí àwọn baba mi ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́, 'M'e."

"Ó dáa. Jẹ pápà àgbàdo ẹ láìsí wàrà lónìí. Màá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi."

* * *

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Makhetha, ló di alárenà. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó lẹ́ṣin funfun kan tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ abúlé lọ. Ó lọ, ó bọ̀, ojú rẹ̀ kò dán.

"Ntate Monaheng kò bá ìdílé wa jà," ló wí. "Kò bá màlúù wa jà. Ìwọ ló ń bá jà. Ó ní, 'Mo gbọ́ pé ó ń ya ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ọkùnrin tó wo odindi òkè tí kò rí ènìyàn kan níbẹ̀, ṣé yóò rí ọmọ mi bó bá dé ilé ẹ̀?'"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tlali lára. "Kí wá ni kí n ṣe, Malome?"

"Ó ní kí o wá ya òun."

Tlali lọ. Monaheng wọ fìlà koríko rẹ̀ onímú ṣóńṣó, ó di ọ̀pá mú, ó gbé àyà síwájú bí ẹni fẹ́ wọ ààfin. Ì bá ṣe pé Tlali ya ojú rẹ̀ bí gbogbo ayafọ́tò ṣe ń yà á, bóyá ìtàn yìí ì bá máà sí. Àmọ́ oòrùn ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, òjìji òkè ń nà lọ sórí oko ọkà bàbà, Tlali kò sì lè mú ojú kúrò níbẹ̀. Ó ní kí bàbá náà máa rìn lọ títí dé góńgó orí òkè. Ibẹ̀ ló ti yà á.

Nígbà tí fọ́tò dé Ha Lekena, igbe Monaheng la abúlé já.

"Èmi dà? Makhetha, mo ní ojú mi dà? Ṣé èmi nìyí, nǹkan dúdú kékeré yìí? Ó ti sọ mí di iná orí lẹ́yìn màlúù!"

Makhetha fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ẹ̀rín. "Ntate, ẹ ṣe sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń to ó."

"Kí wọ́n lọ to ó nílé wọn!"

Ó ní òun á fún wọn lésì lẹ́yìn tí òun bá ti bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ń lọ. Lákòókò yẹn gan-an, iṣẹ́ dé bá Tlali: àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà títì ní Zambia ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ilẹ̀. Ọkọ̀ yóò gbéra ní ọjọ́ Ajé. Bí Monaheng bá gbà, Tlali kò ní lọ. Bó bá kọ̀, kí ló fẹ́ dúró ṣe ní ibi tí òkè kọ̀ọ̀kan á máa pe orúkọ Khahliso sí i létí?

Àwọn méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ ríra wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ní ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n pàdé, lẹ́yìn ògiri ilé ìlọkà, Khahliso sọ̀rọ̀ kíákíá.

"Bàbá á sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ nínú ilé ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn bàbá á gbé e dé ọ̀dọ̀ yín bó bá wù wọ́n, ìyẹn lè di ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ ò lọ́sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá gba Lekhalong lọ ṣẹ́gi. Dúró sí òkè òdìkejì, kí o máa wò mí. Bó bá gbà, kúbúsù pupa ìyá mi ni màá wọ̀. Bó bá kọ̀, aláró tèmi ni."

"Bó bá kọ̀ ńkọ́, ṣé o ò ní bá mi lọ?"

"Má bi mí ní ìyẹn. Wo kúbúsù."

* * *

Yìnyín bọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ó dí ọ̀nà, ọjà kò wọ Leribe. Fíìmù tán ní ṣọ́ọ̀bù. Tlali ń so okùn bàtà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkàn rẹ̀ ti gun òkè ṣáájú rẹ̀, nígbà tí Ntate Phafoli na fíìmù kan sí i.

"Èyí tí mo fi ń ya ìwé àwọn agbẹjọ́rò ló kù o. Fíìmù yìí kì í bẹ̀rù iná pupa. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ntate."

Kò gbọ́. Ó ki fíìmù sínú kámẹ́rà, ó ya ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, nítorí ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo fíìmù, kí wọ́n lè mọ̀ pé tiwọn ni. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kùrukùru bo àfonífojì náà bámúbámú. Tlali dúró lórí òkè òdìkejì, ẹsẹ̀ kámẹ́rà rì sínú yìnyín, òtútù ń jẹ ẹ́ létí. Ó ń wo ibi tí Lekhalong yẹ kó wà, kò rí nǹkan kan. Ó pẹ́, ó pẹ́, kùrukùru là sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ já sórí yìnyín bí wàrà tó dà sínú àwo dúdú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò rí irú rẹ̀ rí. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń to òkè, ó ń gbé òjìji sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ní kọ̀rọ̀ férémù, ó dà bíi pé nǹkan mira. Ó gbójú sókè. Kùrukùru ti pa ojú dé.

Ó dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Kò tún là mọ́.

Eré ló fi padà sí Leribe. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá òkùnkùn, ó fọ fíìmù náà, ó fi í sílẹ̀ pẹ́ nínú oògùn nítorí ìmọ́lẹ̀ kéré, ó gbé ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di ńlá ga títí orí rẹ̀ fi kan àjà, kí kọ̀rọ̀ férémù yẹn lè di ńlá. Hóró ló kọ́kọ́ rí, hóró bí ọkà tí wọ́n tú sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, òkìtì òkúta yọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ènìyàn kan, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ ju nǹkan. Ọwọ́ òsì.

Òun ni. Kò sí tàbí-ṣùgbọ́n.

Kúbúsù ara rẹ̀ sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Tlali mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú fíìmù wọn, pupa a máa di eérú, aró a máa dúdú. Ó ti rí i nígbà ẹgbẹ̀rún. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín garawa oògùn. Monaheng ti kọ̀. Ó gé férémù ọ̀hún kúrò lára fíìmù, ó fi í sínú ìwé Bíbélì, kò wo ìyókù. Ní ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ gbé e lọ.

* * *

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Makhetha bá a ní Kitwe.

"Ọmọ àbúrò mi, irú ìwà wo lo hù yìí? Bàbá ọmọ ti gbà. Ìyá Monaheng tó ti darúgbó ló rí fọ́tò tí o yà, ó fi ọwọ́ pa á, ó sunkún, ó ní, 'Oko tí mo ti bí ọ nìyí, Monaheng. Ìwọ sì nìyí, bí o ṣe máa ń dúró láti kékeré.' Láti ọjọ́ náà Monaheng kò sọ̀rọ̀ burúkú sí ọ mọ́. Ó ti gbé fọ́tò náà kọ́. Máa bọ̀."

Tlali ka lẹ́tà náà ní ìgbà márùn-ún. Gbogbo ìgbà tó bá kà á, ibì kan náà ló ń dé. Bàbá gbà, ọmọ sì wọ aró. A jẹ́ pé kì í ṣe bàbá ló kọ̀ ọ́. Khahliso fúnra rẹ̀ ni. "Má bi mí ní ìyẹn," ó ti sọ ọ́ lẹ́yìn ilé ìlọkà, òun ni kò fetí sí i. Bóyá ó ti rí hóró. Ṣé òun yóò wá jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fà á lé òun lọ́wọ́ bí àgùntàn, pẹ̀lú omijé lójú?

Ó kọ èsì: "Malome, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti yọwọ́. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ẹni náà kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta ló fi bi ara rẹ̀ léèrè, kó tó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà.

Tlali náà fẹ́ ìyàwó, ọmọ Zambia tó ń jẹ́ Mutale, obìnrin tó dára. Mutale mọ̀ pé yàrá kan wà lọ́kàn ọkọ òun tí wọn kì í ṣí. Kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí títí ó fi kú. Tlali ya àwọn ọ̀nà, ó ya afárá, ó ya pápá tó tẹ́jú lọ bẹẹrẹ tí ojú kò rí ibi sinmi lé. Nínú gbogbo wọn, ènìyàn kan máa ń wà níbì kan, kékeré, ní ẹ̀gbẹ́.

* * *

Ó pé ọmọ àádọ́rin ọdún nígbà tí páálí kan dé láti Leribe. Ntate Phafoli ti kú, opó rẹ̀ ń kó ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí gbogbo ẹni tí fíìmù rẹ̀ wà níbẹ̀ gba ti ẹ̀. Tlali tú tirẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fà wọ́n jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi fìtílà wò wọ́n, ó ń tẹ̀ wọ́n sórí bébà kéékèèké. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣáájú nínú gbogbo wọn. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú, ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú, ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú. Ó rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló kun ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀dà pupa tó ta á láṣọ.

Ó dé orí èyí tí férémù kan ti já kúrò lára rẹ̀. Ó tẹ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ó tún un tẹ̀. Dúdú ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀dà kan náà. Ohùn ọ̀gá rẹ̀ gba ọdún mẹ́tàlélógójì kọjá wá bá a: "Fíìmù yìí kì í bẹ̀rù iná pupa."

Kì í bẹ̀rù iná pupa yàrá òkùnkùn nítorí pé kò rí pupa. Ohun tó bá pupa, òkùnkùn ni lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ aró ni Khahliso wọ̀ lọ́jọ́ náà, eérú ni ì bá dà.

Ọmọ iṣẹ́ oṣù kan mọ èyí. Òun mọ̀ ọ́n. Ó wulẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ọ̀gá ń sọ ọ́, bàtà ló ń so.

Ó jókòó síbẹ̀ títí tí tíì rẹ̀ fi di yìnyín. Lẹ́yìn náà ó pe Puseletso, ọmọ Makhetha, tó ń gbé ní Ha Lekena.

"Khahliso ọmọ Monaheng," ló wí, "ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà, Abuti. 'Mateboho là ń pè é láti ilé ọkọ. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tẹ́ ẹ pè yẹn mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú sí ibi ìwakùsà, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kì í gun òkè mọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ó béèrè yín rí. Ọjọ́ tí a sin bàbá mi ni. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, 'Puseletso, ẹ̀gbọ́n yín yẹn, ṣé ojú rẹ̀ kò ríran ni? Mo dúró síbẹ̀. Òkúta mẹ́ta ni mo jù dípò ọ̀kan.' Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní kí n má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀."

Tlali fa bébà ilẹ̀kùn dúdú náà sún mọ́ra.

"Ṣé kí n bá yín kí i?"

"Rárá. Màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ. Bá mi kà á sí i létí. Bí mo bá ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí o ṣe kà á."

Ó kọ nípa fíìmù, nípa yìnyín tó dí ọ̀nà, nípa ìmọ́lẹ̀ tó dà bíi wàrà, nípa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó gùn, ó ń gùn sí i. Ó kà á, ó rí i pé hóró nìkan ni, kò sí òkè níbẹ̀. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Máńgòrò kan já lu páànù. Ó tún un kọ, ó sì fi ránṣẹ́:

"Khahliso, èmi Tlali ni. Pupa lo wọ̀. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ."